Ẹyọ mẹ́fà lọ, ẹyọ mẹ́fà bọ̀: ṣé ó kọ Ìyá wa ni?

Tíṣà Kúdẹtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ń dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ nǹkan lẹ́nu àgbà kò wọ́n níbí.

Àwa obìnrin ìjọ wa fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé nígbà ìkórè. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, torí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. Eré ayé àtijọ́ ni. Ilé ìjòyè ogun kan ní Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, láyé Ààrẹ Látòósà. Mo ti kọ ìran mẹ́rin tán. Ìran karùn-ún ni mo há sí láti bí oṣù méjì.

Ìtàn ilé wa ni mo gbé sínú rẹ̀. Màmá mi àgbà ló tọ́ mi dàgbà ní Kúdẹtì. Ìyá àgbà tiwọn ni ìtàn náà dá lé. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ là ń pè wọ́n nínú ilé, torí pé nígbà tí wọ́n darúgbó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ ìjòyè ni wọ́n. Bàbá wọn ń tẹ̀lé Balógun lọ sógun, agbo ilé wọn sì kún fún ẹṣin, ìwọ̀fà, ẹrú àti ọmọ ogun. Nígbà tí Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lọ́mọge, ọkàn wọn fà sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ilé ìjòyè mìíràn. Ẹ má bínú pé mò ń pe ọmọkùnrin náà ní "ó", tí mi ò pè é ní "wọ́n". Kò dàgbà ni. Bí ìtàn ṣe bá a nìyẹn, ọmọ ọdún méjìlélógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú ilé wa títí dòní.

Wọn ò lè lọ bá a sọ ọ́. Ta ló bí ọmọ ìjòyè tí yóò lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin? Wọn ò sì lè rán alárenà, torí kí alárenà tó dé ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ á ti dé etí ìyálé ilé. Wọ́n bá pa àrokò. Wọ́n sin ẹyọ owó mẹ́fà sórí okùn, wọ́n fi rán ọmọ kékeré kan tó máa ń pọn omi fún wọn nínú odò Kúdẹtì.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹyọ mẹ́fà ń wí. Ẹẹ́fà, ìfà: ọkàn mi ń fà sí ọ. Ẹni tó bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi fèsì: ẹẹ́jọ, a jọ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wa jọ. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní èyí láìmọye ìgbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ náà padà dé. Ẹyọ mẹ́fà ló mú bọ̀. Kò lé, kò dín.

Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ó kọ àwọn, pé ńṣe ló ní kí àwọn gba ẹrù àwọn. Kò pé oṣù mẹ́ta, wọ́n gbé wọn fún ọkọ tí bàbá wọn yàn. Ọmọkùnrin náà bá ogun lọ sí Kírìjì, kò padà wálé. Wọ́n bí ọmọ mẹ́rin fún ọkọ wọn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú lẹ́nu wọn nípa ọkọ náà rí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyọ yẹn kò kúrò lọ́dọ̀ wọn. Inú igbá kékeré kan lábẹ́ ibùsùn ni wọ́n ń kó wọn sí. Màmá mi àgbà sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, àwọn mú ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ fi ṣeré, ó sì bọ́ sínú kòtò ìdọ̀tí. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò nà wọ́n. Wọ́n kàn da márùn-ún tó kù sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Títí Màmá fi kú, wọn ò lè sọ ibẹ̀ yẹn kí omi má lé lójú wọn.

Ìṣòro mi rèé. Ọmọkùnrin tí yóò ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin náà nínú eré ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta: "Màmá, ṣé mo fẹ́ràn wọn ni, àbí mi ò fẹ́ràn wọn?" Mi ò rí èsì fún un. Tó bá jẹ́ pé ó kọ̀ wọ́n ni, ìran karùn-ún jẹ́ ìran obìnrin tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Tí kò bá kọ̀ wọ́n ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, bí èèyàn bá gba ẹyọ mẹ́fà, tó dá mẹ́fà padà, kí ló ń wí?

Bàbá Oníwèé, Òkè-Àdó

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín fún ohun kan. Owó ni ẹyọ jẹ́ láyé ìgbà náà, ogójì ló ń wà lórí okùn kan, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Ẹyọ mẹ́fà kò ra nǹkan tó gbámúṣé. Ọmọ kékeré lè mú un la Ọjà'ba já, kó sí ẹni tí yóò yà á lẹ́nu. Ẹni tó gbọ́n ló rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́.

Ní ti ìbéèrè yín, iye nìkan kọ́ ni àrokò. Ojú ẹyọ náà ń sọ̀rọ̀. Ẹyọ méjì tí a sin tí wọ́n dojú kọra wọn, ìfẹ́ ni, "mo fẹ́ fojú rí ọ" ni. Èyí tí a sin tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, ìjà dé nìyẹn, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò tó kí ẹ sọ fún mi pé mẹ́fà ló bọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wà lórí okùn nígbà tí wọ́n bọ̀? Bí ó bá dá a padà bí ó ṣe gbà á gan-an, mo lè gbà pé ó kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ó bá tú u, tó tún un sin kí wọ́n dojú kọra, èmi náà ni ó ń wí: "èmi náà, ìwọ ń fà mí, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé a jọ ń lọ."

Kí ló dé tí kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ìgbà tí wọ́n wà. Ìbàdàn kò ní ìdílé ọba kan tí oyè ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tó lọ́mọ ogun ló ń gòkè, ẹni tó wà lókè sì ń ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọdún 1871 ni Látòósà gorí oyè. Nígbà tó di 1874, ó ti gba oyè Ìyálóde lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán, wọ́n sì pa wọ́n lóru nínú ilé ara wọn. Bí ilé ọmọkùnrin yìí bá jẹ́ ilé tí kò bá Ààrẹ rẹ́, ta ni yóò mú ọmọ ìjòyè ẹlòmíràn wọ irú ilé bẹ́ẹ̀? Mo ti rí ọkùnrin tó kọ ohun tó fẹ́ torí kó má bàa kó bá a.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín nípa okùn yẹn. Ibẹ̀ ni èsì wà.

Aláṣọ Ọ̀jẹ́

Ẹ̀yin Màmá, mo kí yín o. Iṣẹ́ aṣọ òfì ni mò ń ṣe, mo sì ti wọ aṣọ fún eré bíi mélòó kan, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ wọlé. Ẹ má wọ léèsì fún ọmọbìnrin yẹn. Ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹtù tó dúdú dáadáa ni kí ẹ fún un ní ìran àkọ́kọ́, kí ẹ fi sányán wọ bàbá rẹ̀, kí àlàárì wá jáde lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí pupa rẹ̀ gba ojú gbogbo èèyàn. Ìyùn ọrùn nìkan tó. Bí ẹ bá fẹ́ yá aṣọ, mo ní.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí, mo mọ̀ pé Bàbá fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí bí a ṣe ń wá àwáwí fún un. Kí ló dé tí obìnrin kò gbọdọ̀ fẹ́ràn ẹni tí kò fẹ́ ẹ? Ó fẹ́ ẹ, òun ló kọ́kọ́ ránṣẹ́, láyé tí ọkùnrin ló ń ránṣẹ́. Nǹkan ńlá nìyẹn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ọkùnrin náà lẹ máa sọ di akọni eré yẹn. Ẹ jẹ́ kó kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká rí obìnrin náà.

Ọmọ Ìgbájọ

Ẹ kú àsọyé o. Ẹ̀gbẹ́ ìlú wa ni bùdó Ìbàdàn wà nígbà ogun Kírìjì, Èkìtì Parapọ̀ wà lápá Ìmẹ̀sí-Ilé pẹ̀lú Ògèdèǹgbé. Ìró ìbọn tí wọ́n ń yìn síra wọn ló sọ ogun náà lórúkọ. Kó má baà dà bíi pé ọmọkùnrin yìí lọ lónìí, ó kú lọ́la, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ó sì di 1893 kí bùdó méjèèjì tó tú. Wọ́n kọ́lé níbẹ̀. Wọ́n dáko, wọ́n náwó, wọ́n bímọ. Ààrẹ Látòósà fúnra wọn, bùdó ni wọ́n kú sí ní 1885. Àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín Ìbàdàn àti bùdó.

Ohun tí mo ń sọ ni pé tí ọkùnrin bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó ráàyè sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Mo wà lẹ́yìn Aláṣọ.

Tíṣà Kúdẹtì

Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Oníwèé, ìbéèrè yín nípa okùn kò jẹ́ kí n sùn. Gbogbo ọdún tí mo fi gbọ́ ìtàn yìí, mi ò bèèrè okùn rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mo lè bi. Àbúrò ìyá mi obìnrin ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn lánàá. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀gúsí. Mo ní, "Àǹtí, àwọn ẹyọ Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe sin ín nígbà tó bọ̀?"

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló rí i?"

Mo ní kò yé mi. Wọ́n gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yẹn kò tíì dúró dáadáa nígbà tí Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ já okùn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kà á, wọ́n rí i pé mẹ́fà ni, wọ́n sì fi eyín já okùn náà. Ẹyọ fọ́n ká sílẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àtùpà kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé. Ìgbà tí wọ́n ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ni ọmọ náà, tí ẹ̀rù ti bà, wá jíṣẹ́ tó kù. Ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ wò ó dáadáa."

Èmi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo jókòó sórí àpótí, mi ò lè dìde. Mo bi Àǹtí pé kí ló dé tí Màmá mi àgbà kò sọ èyí fún mi rí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ló sọ gbogbo ìyókù. Wọ́n ní Màmá kò fẹ́ kí àwa ọmọ máa rò pé ìwàǹwara ni Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi pàdánù ọkọ. Pé ó sàn kí a sọ pé wọ́n kọ̀ wọ́n.

Nítorí náà, Bàbá, èsì wà lórí okùn yẹn lóòótọ́. Ìyá wa ló já a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kà á títí di ọjọ́ ogbó. Kíkà nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn láti ṣe, torí iye kò sọnù. Ojú ẹyọ ló sọnù.

Ọmọ Ìgbájọ

Háà! Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹni tó ní kí a wò ó dáadáa ti sin ín kí wọ́n dojú kọra. Ó fẹ́ wọn. Bí mo ṣe ń kà á ni ara mi ń ṣe wọ́nwọ́n. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí nìyẹn tí kò fi ránṣẹ́ láti bùdó, torí lójú tirẹ̀, ó ti fèsì. Òun náà gbọ́ pé wọ́n ti fẹ́ ẹlòmíràn láàárín oṣù mẹ́ta, ó gbà pé obìnrin náà rí i, kò sì fẹ́.

Aláṣọ Ọ̀jẹ́

Ẹ rọra o. "Wò ó dáadáa" lè jẹ́ "má ṣi mí gbọ́, mo kọ̀." Ẹni tó kọ ẹ̀yìn ẹyọ síra wọn náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ dárí jì mí, mo kó ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ kúrò. Mo ní kí ẹ jẹ́ kó kọ̀ ọ́ ká lè rí obìnrin náà. A ti rí i báyìí. Ẹ jẹ́ kó já okùn yẹn lójú gbogbo ènìyàn. Kó kẹ̀yìn sí àwa tó ń wòran nígbà tó ń kà á, kí àwa náà má lè rí ojú ẹyọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé lọ sọ pé òun mọ̀.

Bàbá Oníwèé, Òkè-Àdó

Tíṣà, mo bá yín kẹ́dùn bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Nígbà ayé mi, obìnrin kan wà tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi láti Ìlọrin. Ìlà mẹ́rin péré ló kọ. Mo rò pé ìlà mẹ́rin kéré, pé ẹni tó nífẹ̀ẹ́ èèyàn á kọ ojú ewé mẹ́rin. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé orí ibùsùn àìsàn ló ti kọ ọ́, wọ́n ti gbé e lọ sílé àwọn èèyàn rẹ̀. Mo fẹ́ ìyàwó rere, mo sì bí ọmọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kó tó di òní.

Aláṣọ ló sọ òótọ́ lórí ìran yẹn. Ẹ gba ti rẹ̀.

Tíṣà Kúdẹtì

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ọlọ́run á tu yín nínú.

Mo ti kọ ìran karùn-ún. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ ọ́, lẹ́yìn oṣù méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹkún tí mo ti kọ sí i tẹ́lẹ̀ ni mo pa rẹ́. Mo kó ẹ̀bẹ̀ àti orin kúrò pẹ̀lú. Ọmọ dé, ó fa okùn fún un, ọmọbìnrin náà kẹ̀yìn sí wa, ó kà á, ó fi eyín já a. Ọmọ wá jíṣẹ́. Ó wá ku kíkó ẹyọ nílẹ̀.

Ọmọkùnrin náà tún bi mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bó ṣe wọ gbọ̀ngàn ni: "Màmá, ṣé mo fẹ́ràn wọn?" Mo ní, "Ìwọ ni kóo sin ẹyọ náà fúnra rẹ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bó bá ṣe wù ọ́ ni kóo sin ín, kí wọ́n dojú kọra tàbí kí wọ́n kẹ̀yìn síra. Fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Má sọ fún mi láéláé." Ó wò mí títí. Ó mú okùn àti ẹyọ, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

Ẹyọ méjìlá ni mo rà ní Ọjà'ba, kí ó lè tó bí ọ̀kan bá sọnù, torí márùn-ún ilé wa kò gbọdọ̀ kúrò nínú igbá. Aláṣọ, ẹtù yín dé, ó bá ọmọbìnrin náà mu gan-an, àwọn èèyàn dákẹ́ nígbà tó jáde. Nígbà tó já okùn náà, ọ̀kan nínú ẹyọ yí lọ sábẹ́ àga àwọn akọrin. Ó gbàgbé pé eré la ń ṣe, ó kúnlẹ̀, ó ń wá a, àwa náà bá a wá a, ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ dùùrù la ti rí i. A dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi, a kà á. Mẹ́fà ni. Mo tún un kà.